Kò Sí Díẹ̀ Nínú Èèwọ̀: Ìtàn Mílíìkì, Ẹ̀pà àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti ilé ìdáná wá, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ èdè ni, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi fún èmi fúnra mi.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin kejì kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wá sílé láti Ìlú Ọba. Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún méje, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà. Ìyá rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì mi ní Ìpọ̀nrí níbí kó tó tú ẹrù rẹ̀ pàápàá: kò sí ẹ̀pà, kò sí òróró ẹ̀pà, kò sí ohunkóhun tí wọ́n fi ẹ̀pà sí. Mo kà á. Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí wọ́n lọ ra ṣúyà wá fún mi. Ẹran lásán ṣáà ni, àbí? Mo gé díẹ̀, mo nu ata ara rẹ̀ kúrò dáadáa, mo fi í sí ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́. Díẹ̀ péré ni.

Kí n tó jókòó padà, ètè ọmọ ti ń wú. Ara rẹ̀ lé wúlewùle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó fa abẹ́rẹ́ kan yọ nínú báàgì tí kì í jẹ́ kó jìnnà sí òun, ó gún ọmọ náà nítan, a sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá a dúró mọ́jú. Ó wà láàyè, ọpẹ́ ni. Yájì tí mo rò pé mo ti nù kúrò yẹn, kúlìkúlì lílọ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, mi ò lè tú ohun tó wà nínú yájì palẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọmọ ti sùn, ọmọ mi jókòó tì mí. Kò bá mi wí. Ohun tó sọ kò ju pé: "Màámi, ṣé ẹ rántí mílíìkì yẹn?"

Mo rántí. Ọdún 1982 ni, òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní àràárọ̀ mo máa ń po mílíìkì kún kọ́ọ̀bù fún un, kọ́ọ̀bù ńlá, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mu kó tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ní àràárọ̀ ni yóò máa sọ pé inú ń run òun. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ lọ síléèwé. Bó bá lọ dà á nù lẹ́yìnkùlé, mo máa ń nà án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: mo ń na ọmọ nítorí pé inú ń run ún. Olùkọ́ kékeré ni mí ní yunifásítì nígbà yẹn, mo sì gbà pé mílíìkì ló ń mú egungun ọmọ le. Ṣebí ọmọ òyìnbó ń mu ún, tí ara rẹ̀ sì ń dán.

Ohun tó ń dùn mí jù lónìí kọ́ ni pé n kò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ní ibi tí kò jìnnà sí ilé wa rárá. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìpọ̀nrí, tó gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá, kò ní pẹ́ dé Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó tí gbogbo wa ń pè ní LUTH wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Olikoye Ransome-Kuti ń ṣiṣẹ́ dókítà àwọn ọmọdé níbẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Fẹlá, òun náà ló wá di Mínísítà Ètò Ìlera ní 1985. Òun àti Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn mìíràn, ló jọ béèrè ìbéèrè kan tó dà bí eré: kí ni ara àwa ọmọ Nàìjíríà ń fi ṣúgà inú wàrà ṣe?

Ṣúgà náà ń jẹ́ lactose. Kò lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà, àfi bí èròjà kan nínú ìfun, tí wọ́n ń pè ní lactase, bá kọ́kọ́ gé e sí méjì. Gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ní èròjà yìí, nítorí ọmú ìyá. Ọgbọ́n tí àwọn oníwàádìí yìí dá kò le: wọ́n po lactose mọ́ omi fún ènìyàn mu, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá gòkè, ìfun ti gé lactose náà nìyẹn. Bí kò bá gòkè, a jẹ́ pé ṣe ló ṣàn lọ sí ìfun ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ọtí ara wọn. Inú á wú, á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e.

Wọ́n ṣe é fún Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Fúlàní. Ní 1971 ni iṣẹ́ náà jáde nínú The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú àwọn Fúlàní darandaran, bí ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún ni ara wọn da ṣúgà náà. Nínú àwa Yorùbá tó ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ má sí ẹni tí ara rẹ̀ dà á. Ní oṣù Kẹwàá 1972, Kretchmer kọ ọ́ ní èdè tí kò le sínú Scientific American fún gbogbo ayé kà. Ní 1975, wọ́n tún tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìdílé jáde: bí bàbá àti ìyá kò bá lè dà á, àwọn ọmọ náà kò lè dà á, níbi tí ọ̀kan nínú òbí bá ti lè dà á, àwọn kan nínú ọmọ á gbà á lára rẹ̀. Àjogúnbá ni. Ẹ wò ó, odidi ọdún méje lẹ́yìn èyí ni mo ń fi pàṣán lé àjogúnbá jáde lára ọmọ mi.

Èmi onímọ̀ èdè, orúkọ tí wọ́n fún nǹkan yìí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò nígbà tí mo wá kà á. Ní 1966, ní Baltimore, Theodore Bayless àti Norton Rosensweig ti kọ̀wé pé èròjà yìí kò tó lára ọ̀pọ̀ Amẹ́ríkà adúláwọ̀. "Àìtó" ni wọ́n pè é, bí ẹni pé àrùn ni. Ṣùgbọ́n bí ìwádìí ti ń pọ̀ sí i káàkiri ayé, wọ́n rí i pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn àgbàlagbà ayé ló dà bíi tiwa. Àwọn tó ń mu wàrà dàgbà láìsí wàhálà ló kéré. Ni wọ́n bá yí orúkọ padà: lactase persistence, ìyẹn ni pé èròjà ìgbà ọmọ ọwọ́ kò lọ mọ́. Ẹ rí i pé ara ènìyàn kò yí padà láàárín méjèèjì, orúkọ ló ṣí láti ọ̀dọ̀ wa lọ sọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tí a bá ti fún ní orúkọ àìsàn, a ó máa wá oògùn fún un, bí kò tilẹ̀ ṣàìsàn.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n Prof, èmi ń fi mílíìkì sí tíì mi, kò ṣe mí ní nǹkan." Òótọ́ lẹ sọ. Ohun tí ìfun kò lè dà tán, díẹ̀ rẹ̀ lè kọjá láìpariwo. Tíṣíbí mílíìkì kan nínú tíì kì í ṣe kọ́ọ̀bù ńlá lórí òfìfo inú. Àwọn Fúlàní pàápàá ní ọgbọ́n tiwọn. Nọ́nò tí wọ́n ń pò mọ́ fúrá, ó ti kan, àwọn kòkòrò tó mú un kan ti jẹ nínú ṣúgà rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu wa. Wàrà tí à ń rà ní Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn, omi ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, tí omi rẹ̀ á sì ro dànù pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà náà. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi lè jẹ wàrà díndín kí inú rẹ̀ má kùn. Ọjà àti oúnjẹ ti bá ara wa ṣe àdéhùn kí dókítà tó dé.

Ní ti mílíìkì, nígbà náà, "díẹ̀ péré ni" lè jẹ́ òótọ́. Ní ti ẹ̀pà ọmọ-ọmọ mi, gbólóhùn kan náà ló fẹ́rẹ̀ pa á. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ti mílíìkì, ọ̀rọ̀ dídà ni: inú kò lè da nǹkan. Ti ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídà rárá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló ṣi ẹ̀pà pè ní ọ̀tá, wọ́n sì gbé ogun dìde sí i, ogun tó lè dí ọ̀nà èémí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Èyí tó kéré tó erukutu lè tó láti dá ogun náà sílẹ̀. Clemens von Pirquet, dókítà ará Austria, ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ "allergy" ní 1906 láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, allos tó jẹ́ "òmíràn" àti ergon tó jẹ́ "iṣẹ́". Ẹnì kan lè ní irú èyí sí mílíìkì náà o. Ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ṣúgà wàrà ló ń bá a jà, purotéènì rẹ̀ ni, nítorí náà nọ́nò àti wàrà díndín kò lè gbà á.

Ní Yorùbá, a máa ń da méjèèjì pọ̀. A ní "kò bá mi lára mu", a ní "ara mi kò gbà á", a ní "ó ń bá mi jà". Gbogbo rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà kò bá òun lára mu, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n máa ní, "Jẹ díẹ̀ ṣá, o kò ní kú." Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi rí i.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá láti Abẹ́òkúta wá kí ọmọ tó ṣàìsàn, ó sì di ẹ̀pà sísè lọ́wọ́ wá. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má gbé e wọlé. "Ẹ̀pà kẹ̀? Ẹ̀pà tí a jẹ dàgbà? Nínú ìran ta ni?" Mo ṣàlàyé allergy títí, mo sọ ti ẹ̀ṣọ́ ara, ó kàn ń wò mí. Ó tilẹ̀ bi mí bóyá kì í ṣe pé ẹnì kan fi nǹkan ṣe ọmọ náà. Ó sú mi, mo ní: "Àǹtí mi, èèwọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀pà."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún gbogbo ilé?" Ó dìde, ó gbé ẹ̀pà náà padà sínú mọ́tò, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ìbéèrè yẹn ni ìtàn wa. Láyé àtijọ́, bí a bá bímọ, wọ́n á dífá àkọsẹ̀jayé fún un, ara ohun tí wọ́n sì ń gbọ́ ní ọjọ́ náà ni èèwọ̀ ọmọ. Kì í ṣe ọmọ ni yóò máa jà fún un. Ilé ló gbọ́ ọ, ilé ni yóò máa pa á mọ́ títí ọmọ yóò fi gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà lẹ́nu àwọn babaláwo, ìpọ̀nrí, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpọ̀rí: ibi tí a ti mú ohun tí a fi mọ orí ẹni lọ́run. Wọ́n ní ohun tó bá ti ibẹ̀ wá, onítọ̀hún kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Èmi kò sọ pé ibẹ̀ ni orúkọ àdúgbò wa ti wá o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè ka àkọlé àdúgbò yìí kí n má rántí.

Ẹ wo bí ilé ṣe ń gbé e ṣe. Olórìṣà Ọbàtálá kì í jẹ iyọ̀, kì í jẹ epo pupa, kì í mu ẹmu. Inú agbo ilé kan náà sì ni òun àti ẹni tí kò lè jẹun láìsí epo ń gbé. Kí ni obìnrin tó ń dáná ń ṣe? Kò sọ pé gbogbo ilé kò ní jẹ epo mọ́, kò sì sọ fún olórìṣà pé kó rọra fa epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ó ní ìkòkò tiẹ̀, ó ń fi òrí dípò epo, ó ń se ọbẹ̀ àtẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Wọn kò sọ pé dandan ni kí gbogbo wa bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan.

Nígbà tí ẹ̀sìn tuntun dé, a ní ìwà kèfèrí ni èèwọ̀, a sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mi ò wá gbèjà ifá, ọmọ ìjọ ni mí. N kò sì sọ pé allergy ni gbogbo èèwọ̀ ayé àtijọ́: ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ara ni ti ọmọ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwà ọmọlúàbí kan wà nínú títọ́jú èèwọ̀, tí a dà nù pẹ̀lú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ní kí ọmọ fi hàn pé òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kì í dán an wò. Kò sì sí díẹ̀ nínú èèwọ̀. Bẹ́ẹ̀, a kò tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀ tán. Mélòó nínú àwọn ìdílé wa ní Èkó níbí ni kìíní jẹ́ Mùsùlùmí, tí èkejì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì? Ǹjẹ́ ẹ ti rí ìyàwó ilé tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ "díẹ̀ péré" sínú ọbẹ̀ Alhaji, tó ní kò lè mọ̀? Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe fún Alhaji, a lè ṣe é fún ọmọ ọdún méje.

Nítorí náà, "èèwọ̀ ara" ni mo ń pe allergy báyìí, mo sì fi "kò bá lára mu" sílẹ̀ fún ti mílíìkì àti irú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ méjì, ọwọ́ tí a fi ń mú wọn á jẹ́ méjì.

Ní ilé ìdáná mi, iṣẹ́ wá pọ̀ ju bí mo ti rò. Ẹ̀pà kò sí nínú ẹ̀pà sísè àti kúlìkúlì nìkan. Ó wà nínú yájì, ó wà nínú dọ́ńkúwá, ó wà nínú òróró tí a kò mọ orírun rẹ̀. Oníàkàrà tó wà ní ìkóríta, ẹ̀wà ni àkàrà rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró wo ló fi dín in? Ará ilé kejì wa, edé ni èèwọ̀ ara tiẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé edé lílọ̀ kì í pẹ́ wọ inú ọbẹ̀ Èkó: ó wà nínú ẹ̀fọ́, nínú mọ́ínmọ́ín, nínú àsáró. Irú ni òun ń lò dípò rẹ̀. Irú yẹn náà gba ìbéèrè, nítorí a ń fi sóyà ṣe irú báyìí, sóyà sì jẹ́ èèwọ̀ ara àwọn mìíràn. Ìlànà ilé wa kò le. Ti ọmọ la kọ́kọ́ ń sè, kí ohunkóhun mìíràn tó bọ́ sórí iná. Ìkòkò rẹ̀ yàtọ̀, síbí ìrobẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Àlejò tó bá gbé oúnjẹ wá, a dúpẹ́, a gbé e sápá kan. A ti fi abẹ́rẹ́ náà han gbogbo ẹni tó wà nílé àti bí a ti ń lò ó, a sì ti gbà pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni, bí ara bá tilẹ̀ ti balẹ̀.

Ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀pà pamọ́ fún gbogbo ọmọ ọwọ́ o. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí 640 ọmọ ọwọ́ tí ewu èèwọ̀ ẹ̀pà wà fún, èsì rẹ̀ jáde ní 2015: àwọn tí wọ́n tètè ń fún ní ẹ̀pà lílọ̀ ni kò ní èèwọ̀ rẹ̀ tó àwọn tí wọ́n fi í dù. Bí ìdílé yín bá ti ní irú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì má fi ojú lásán pe nǹkan ní èèwọ̀ ara. Àyẹ̀wò wà fún un. Bí ètè ọmọ bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má wá ẹni tó fi nǹkan ṣe é kiri, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ mi ti padà sí Ìlú Ọba. Kó tó lọ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mílíìkì, ní ojú ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé tíì rẹ̀ kò ní mílíìkì, mo sì rántí pé láti ìgbà tó ti ní ilé tirẹ̀, n kò bi í léèrè rí. Ìwé tí ìyàwó rẹ̀ lẹ̀ mọ́ fíríìjì ṣì wà níbẹ̀. Mo ti fi bírò mi kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá wọ ilé ìdáná yìí lè kà á, ní èdè tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́: Èèwọ̀ ni. Kò sí díẹ̀.